Bí àgbàlagbà ṣe lè dá okun padà sára: Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ le díẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Bí ènìyàn bá kọ́lé, tó ra mọ́tò, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, tí kò bá lè dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnìkan fà á lọ́wọ́, adùn ọrọ̀ náà ti dín kù. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ìlú àti ní ìgbèríko wa ló wà ní ipò yìí lónìí. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, orúnkún kò fẹ́ gbé ara mọ́, kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé nígbà kan rí ti di ohun tí wọ́n ń bẹ ọmọdé kó bá wọn gbé. Bí a bá sì béèrè ohun tó fà á, èsì kan náà ni à ń gbọ́: "Ọjọ́ orí ni."

Òótọ́ ni pé ọjọ́ orí lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń ṣe láti ọdún 1990 wá fi hàn pé púpọ̀ nínú okun tí àgbàlagbà pàdánù ló ṣeé gbà padà, kódà fún ẹni tó ti lé ní 90 ọdún. Kò gba oògùn, kò sì gba owó ńlá. Ohun tó gbà ni pé kí ènìyàn mọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjì: ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀ ló yẹ kí ó fi iṣan rẹ̀ ṣiṣẹ́, báwo sì ni iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ le tó? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni a fẹ́ dáhùn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Kí ni iṣan, kí ló sì ń jẹ ẹ́ tán?

Nígbà tí a bá sọ pé iṣan níbí yìí, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ là ń wí. Ẹran tó so mọ́ eegun là ń sọ: ti itan, ti ìdí, ti ẹ̀yìn, ti àyà, ti èjìká àti ti apá. Òun ló ń fa eegun tí a fi ń rìn, tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, tí a fi ń gbé ẹrù. Inú rẹ̀ náà ni ara ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ sí. Nítorí náà, bí iṣan bá ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń là fún àtọ̀gbẹ.

Láti nǹkan bí 30 ọdún lọ ni iṣan ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Iye tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ ni ìdá mẹ́ta sí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn 60 ọdún. Okun tó wà nínú iṣan náà a tilẹ̀ máa yára lọ ju ẹran fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1989, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, fún un lórúkọ láti inú èdè Gíríìkì: sarcopenia, tó túmọ̀ sí àìtó ẹran ara. Ní 2016 ni wọ́n fi í sínú ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń to orúkọ àwọn àrùn. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ogbó lásán tẹ́lẹ̀ wá di àìsàn tó lórúkọ, tí dókítà lè kọ sílẹ̀, kó sì wá ojútùú sí.

Iṣan pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́, tó ń bá wa rìn ọ̀nà jíjìn. Èkejì ni èyí tó ń yára ṣiṣẹ́, tó máa ń gbà wá sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Èkejì yìí ni ogbó máa ń tètè mú lọ. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi lè rìn lọ sí ọjà kó sì rìn bọ̀, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ìdíwọ́ kékeré lẹ́nu ọ̀nà ló máa gbé e ṣubú. Ẹni tó bá sì ṣubú, tí eegun ìdí rẹ̀ kán, ó lè máà rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ lọ sinmi"

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀wọ̀ ni kí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Bí ìyá bá fẹ́ gbé garawa omi, ọmọ-ọmọ yóò sáré gbà á. Bí bàbá bá mú ọkọ́, ọmọ tó dé láti Èkó yóò ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi, ẹ ti ṣe tiyín." Ìwà ọmọlúàbí ni, a kò sì ní kí ọmọ kankan pa á tì. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí kò lópin máa ń jẹ ẹsẹ̀ àgbà. Iṣan dà bí ọ̀nà oko: bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀ ẹ́, igbó á bò ó.

Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 67 ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, wọ́n sì ń fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, nǹkan bíi kílò kan ẹran ló ti lọ lára ẹsẹ̀ wọn. Àìsàn kankan kò ṣe wọ́n. Ìdùbúlẹ̀ nìkan ni. Ẹ wá wo ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sì jẹun tó, tàbí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó jẹ́ pé láti orí àga dé orí ibùsùn ni ìrìn rẹ̀ mọ láti ọdún yìí dé èyí tó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Boston

Ní 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu. Wọ́n lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì mú ènìyàn mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ láti 86 dé 96 ọdún. Aláìlera ni gbogbo wọn. Àwọn mìíràn ń fi ọ̀pá rìn, àwọn mẹ́ta kò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í.

Wọ́n kò fún wọn ní eré ọmọdé ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ wá ìwọ̀n ẹrù tó wúwo jù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìjókòó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ń gbé e, wọn á sinmi, wọn á tún gbé e lẹ́ẹ̀mẹjọ, wọn á sinmi, wọn á tún gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré.

Ẹnì kan kò lè bá a dé òpin. Lára àwọn mẹ́sàn-án tó parí rẹ̀, okun tó kún èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò lè gbé ju kílò 10 lọ tẹ́lẹ̀ ti lè gbé nǹkan bíi kílò 27. Iṣan itan wọn náà fi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Àwọn méjì ju ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí kò lè dìde láìfi ọwọ́ ti àga bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nǹkan bí ìdá mẹ́ta okun náà ti lọ. Èyí fi hàn pé okun kì í ṣe ohun tí à ń rà lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì tọ́jú sínú àpótí.

Ní 1994, Fiatarone tún ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú 100 arúgbó, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 87 ọdún lápapọ̀ ìdọ́gba. Àwọn tó gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá fi ìdá 113 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára sí i. Ìrìn wọn yára sí i, wọ́n sì ń gun àtẹ̀gùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fún àwọn kan ní ohun mímu aṣaralóore láìjẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù. Okun àwọn yẹn kò yí padà. Oúnjẹ nìkan kò tó. Iṣan gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ le tó?

Ojú ogun ni ìdáhùn ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ wá. Ní 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí, ilé ìwòsàn àwọn ológun kan wà ní Chicago tí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ kún inú rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ìgbà náà máa ń sọ fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò lágbára ni pé kó máa gbé ohun fúyẹ́fúyẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ara wọn kò sì tètè yá. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Thomas DeLorme, tó ti fi irin gbígbé mú ara rẹ̀ lágbára lẹ́yìn àìsàn ìgbà èwe, yí i padà: ó ní kí wọ́n gbé ohun tó wúwo ní ìwọ̀nba ìgbà, kí wọ́n sì máa fi kún un bí okun bá ti ń pọ̀ sí i. Ara àwọn sójà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yá kíákíá.

Ètò rẹ̀ rọrùn. Ẹ wá ẹrù tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀mẹwàá tí ẹ kò sì lè gbé e lẹ́ẹ̀kọkànlá. Ẹ gbé ìdajì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ sinmi. Ẹ gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ sinmi. Ẹ wá gbé odidi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí a bá pe mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ kan, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ètò ọ̀wọ́ mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ìdárayá ṣì ń lò títí dòní.

Fún àgbàlagbà, kò pọn dandan kó gbé e títí tí apá á fi kọ̀. Ìwọ̀n tó dára nìyí: bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ bi ara yín pé, "Ó ku mélòó tí mo ṣì lè ṣe?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ mẹ́wàá, ó ti fúyẹ́ jù, iṣan kò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Bí ìdáhùn bá jẹ́ òdo, ó ti le jù. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó ṣe rẹ́gí.

Ṣé dandan ni kí ẹrù wúwo? Rárá. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ ní 2017 fi hàn pé ẹrù tó fúyẹ́ náà lè mú iṣan tóbi bíi ti ẹrù wíwúwo, bí ènìyàn bá gbé e títí tí kò fi lè gbé e mọ́. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti okun, ẹrù tó wúwo ló ń fún ni ní púpọ̀ jù. Ẹni tí oríkèé ń dùn lè fi èyí tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan rò pé bí ojoojúmọ́ bá ti ń ṣe é ni yóò ṣe tètè so èso. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí a ń gbé ẹrù ni iṣan ń dàgbà, ìgbà tí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Ẹrù ló ń jí iṣan sí iṣẹ́. Láàárín wákàtí 24 sí 48 tó tẹ̀ lé e ni ara ń fi oúnjẹ tí a jẹ ṣe àtúnkọ́ rẹ̀, tó sì ń fi díẹ̀ kún un.

Ẹni tó bá ti mọ ilé alámọ̀ rí yóò yé e. A kì í mọ gbogbo ògiri tán lọ́jọ́ kan. A ó mọ ìpele kan, a ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí á tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá fi ìkánjú mọ ọ́ dókè lọ́jọ́ kan náà, ògiri á wó lulẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ìpele kan, tí kò padà wá mọ́ títí di oṣù kejì, òjò á fọ èyí tó mọ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan rí.

Ní 2016, Brad Schoenfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó fi iṣan kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń jèrè ju ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2020, bá a mu: kí gbogbo àgbà máa ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lókun ní ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó ti pé 65 ọdún, wọ́n ní kí ó fi eré tó ń kọ́ ara láti dúró déédéé láìṣubú kún un, ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè mú ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Bí ara bá ti mọ́ ọn, ó lè sọ ọ́ di ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Kí ó máà jẹ́ kí ọjọ́ méjì tẹ̀ léra fún iṣan kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọ̀wọ́ kan péré ti tó fún eré kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀wọ́ méjì. Tó bá fi máa di oṣù kejì, ọ̀wọ́ mẹ́ta. Kí ó sinmi bí ìṣẹ́jú méjì láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju ààbọ̀ wákàtí lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí jíìmù lójoojúmọ́ náà lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbí. Wọ́n lè máa lọ lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ lónìí, tí wọ́n fi apá ṣe é lọ́la. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ẹni tó bá sì lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan wú, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi tọrẹ.

Iṣẹ́ oko ńkọ́?

Àgbẹ̀ kan lè sọ pé, "Èmi tí mo ń kọ ebè láti ìgbà èwe, eré wo ni mo tún fẹ́ ṣe?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Iṣẹ́ oko wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa lágbára títí di ọjọ́ ogbó. Àmọ́ ohun mẹ́ta ló yẹ kí á mọ̀.

Àkọ́kọ́, iṣan máa ń mọ́ iṣẹ́ lára. Ọkọ́ kan náà, ebè kan náà, láti 20 ọdún sẹ́yìn, kì í fi okun kún okun mọ́; ó kàn ń tọ́jú èyí tó wà ni. Èkejì, iṣẹ́ oko ní àkókò. Ìgbà òjò, ara a máa kú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a lè wà nílé fún oṣù púpọ̀. Ẹ sì ti rí ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ṣe fún àwọn ará Boston. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn àti apá ni ọkọ́ ń lò jù, bẹ́ẹ̀ sì ni itan ló ń gbé ènìyàn dìde.

Ìmọ̀ràn wa ni pé, ní àkókò tí iṣẹ́ oko le, kí ẹ ka ọjọ́ ebè sí ọjọ́ ẹrù, kí ẹ sì fi ọjọ́ kejì sinmi bí ààyè bá wà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí bí ẹ bá ti fi oko sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Kò dìgbà tí a bá ra irin

Ẹni tó wà ní abúlé kò nílò jíìmù. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó kún fún omi jẹ́ kílò márùn-ún. Ti lítà 10 jẹ́ kílò 10. Kẹ́ẹ̀gì ńlá lítà 25 jẹ́ kílò 25. Ọ̀rá omi mímu tí wọ́n ń tà, tó jẹ́ 50 sẹ́ńtílítà, jẹ́ ààbọ̀ kílò. Bí ẹ bá ń da ọ̀rá omi kan péré kún inú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ti fi ààbọ̀ kílò kún ẹrù yín. Òun gan-an ni DeLorme fi ń wo àwọn sójà sàn: fífi díẹ̀ kún un. Ẹrù tí ẹ bá ti gbé lẹ́ẹ̀méjìlá ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra nínú ètò yín, tí ó sì rọrùn, ó ti tó àsìkò láti fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Eré márùn-ún nìyí tó kárí gbogbo ara:

Èkíní, dìde kí o jókòó. Ẹ jókòó sórí àga tó le, tí kì í mì, kí ẹ gbé e ti ògiri. Ẹ ká apá mọ́ àyà, ẹ dìde dúró ṣánṣán, kí ẹ sì rọra jókòó padà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lè kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti itan. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré mọ́ àyà. Bó bá jẹ́ eré kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ ṣe, èyí ni kí ẹ mú.

Èkejì, títi ògiri. Ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ògiri, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ẹ tẹ ìgúnpá títí àyà yóò fi súnmọ́ ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà.

Ẹ̀kẹta, fífa kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi ọwọ́ kan di tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì fa kẹ́ẹ̀gì láti ìsàlẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Kí ẹ̀yìn ṣe gbọọrọ.

Ẹ̀kẹrin, dídúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ di ògiri tàbí férémù ilẹ̀kùn mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí ẹ sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, gbígbé kẹ́ẹ̀gì méjì rìn. Ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún àti sọ́wọ́ òsì, ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi mángòrò, kí ẹ sì padà.

Bí ẹ bá ń gbé nǹkan sókè, ẹ mí jáde. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ mí wọlé. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́ra, nítorí pé ó máa ń gbé ìfúnpá sókè. Kí ẹ sì má ṣe retí pé ara yóò wú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe máa pe iṣan sí iṣẹ́, nítorí náà okun ni yóò kọ́kọ́ dé. Ó lè tó oṣù méjì kí iṣan tó tóbi débi tí ojú yóò fi rí i.

Àwọn ìyá náà kò gbẹ́yìn

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni èyí. Irọ́ ni. Folashade Oluwafemiayo, obìnrin ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ akanda ẹ̀dá, gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù nínú ìdíje gbígbé irin fún àwọn akanda ẹ̀dá ní Tokyo ní 2021, ó sì tún gbà á ní Paris ní 2024. Fún ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, àǹfààní rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìgbà náà ni eegun obìnrin máa ń fúyẹ́ kíákíá, ẹrù tó ń fún iṣan lókun ló sì ń jẹ́ kí eegun le.

Kí ló yẹ kí á máa jẹ?

Oúnjẹ amúaradàgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní púrótéènì, ni ara fi ń kọ́ iṣan. Ìmọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan gbé jáde ní 2013 ni pé àgbàlagbà nílò gíráàmù kan sí gíráàmù kan àti díẹ̀ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó bá wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 72. Ẹyin kan ní nǹkan bíi mẹ́fà. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 23 ni amúaradàgbà. Ẹja, wàrà, ẹ̀pà, ìgbín àti ẹran náà ní in.

Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló jẹ́ pé bí wọ́n bá bu oúnjẹ tán, ẹran inú àwo wọn, ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń fún. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ tiyín. Àmàlà tàbí ẹ̀bà nìkan kò lè kọ́ iṣan. Bí owó ẹran kò bá sí, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀wà àti gbẹ̀gìrì ń bẹ nítòsí. Kí ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi oúnjẹ yìí kún èyí tó ń jẹ.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga ju 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí dókítà yóò fi mú un wá sílẹ̀. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tó ní ìpá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tí eegun rẹ̀ ti kán rí, kí wọ́n gba àṣẹ dókítà kí wọ́n tó gbé ohunkóhun. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí èémí ń já lu ara, kó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ara ríro fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ kò burú. Àmì pé iṣan ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrora tó gún ni bí abẹ́rẹ́ nínú orúnkún tàbí nínú ẹ̀yìn, ìkìlọ̀ ni. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ará Boston pàápàá, ojú àwọn tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnìkan dúró ti àgbàlagbà tó ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ràn bàbá àti ìyá yín, ọ̀nà míì wà láti bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ gba ẹrù tó lè pa wọ́n lára lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kékeré sílẹ̀ fún wọn. Ẹ bá wọn ka iye rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti bọ́. Ẹni 96 ọdún bẹ̀rẹ̀, ó sì rí èrè rẹ̀. Kí ẹ jókòó sórí àga lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ ká apá mọ́ àyà, kí ẹ dìde lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wo ibi tí okun yín dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.